Àna Méjìdínlógún Lójú Ọ̀nà Old Garage

Ní ọdún 1994, kò sí ohun tó ń dún ní Iléṣà tó fèrè Tíṣà Barnabas Adéjọbí. Bó bá fọn ọ́n nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, àwọn obìnrin tó wà lódìkejì ìlú á sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, àwọn adìyẹ á sì tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni fèrè náà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àdùnní aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó, òun kò tíì rí ọrùn ọkọ òun ní òfìfo rí, títí kan ìgbà tó bá ń wẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tíṣà ti pé àádọ́ta ọdún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"Tíṣà, ẹ ti ṣe é tó. Ẹ jẹ́ kí Amos gba eré ìdárayá. Ọmọdé ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le."

"Ta ló sọ pé tèmi ti rọ̀?"

Ọ̀gá wo ikùn Tíṣà. Wíwò yẹn ló bí gbogbo wàhálà. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ti kéde eré ọlọ́nà jíjìn ní Òṣogbo: máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, láti Old Garage jáde sójú ọ̀nà Iléṣà, kí wọ́n sì padà sí Old Garage. Ẹni tó bá dé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù yóò gba ìwé ẹ̀rí.

"Bí n kò bá mú ìwé ẹ̀rí yẹn wọlé síbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ni Tíṣà wí, "kí Amos wá gba fèrè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá wí, ó sì yára kọ ọ́ sílẹ̀ kí Tíṣà tó yí ohùn padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Tíṣà fi gbaradì, nínú ṣòkòtò péńpé tí Àdùnní fi àjẹkù kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀ṣì rán fún un. Ṣòkòtò náà fẹ̀ débi pé bí atẹ́gùn bá kó sí i, òun ló máa ń kọ́kọ́ délé, Tíṣà á tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, ìdílé náà wọ mọ́tò Peugeot tí wọ́n yá. Wúrà, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mẹ́tàlá, gbé aago alágogo ti pálọ̀ sórí itan, kó lè máa ka àkókò fún bàbá rẹ̀. Àdùnní gbé iṣu mẹ́fà àti odó sẹ́yìn mọ́tò.

"Odó kẹ̀?" ni Tíṣà bi í. "Ṣé kò sí odó nílé yín ni?"

"Ó wà, Bàbá Wúrà. Ṣùgbọ́n odó Òṣogbo kò mọ ọ̀fun Ìjẹ̀ṣà."

Agboolé bàbá Àdùnní ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n dé sí. Bí Tíṣà ṣe lọ sùn ní kùtùkùtù ni Àdùnní bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá dé yàrá: "Ọkọ mi ń sáré lọ́la o! Ẹ jáde wá tì í lẹ́yìn!" Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó bá a lójijì.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, àwọn géńdé tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ti sùn kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lójú ọ̀nà Iléṣà bí aṣọ tí wọ́n sá. Tíṣà kọjá lára wọn pẹ̀lú kọ́tìnnì rẹ̀.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjìlá nígbà tó yọ sí Old Garage. Ibi tó kù kó sá kò ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ. Arọ pàápàá á débẹ̀.

"Dádì, ìṣẹ́jú méjìlá!" ni Wúrà ké.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà rí wọn. Àna méjìdínlógún jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èyí tó kéré jù wà lẹ́nu ọmú. Láàárín wọn ni Ìyá Àgbékẹ́ wà, ìyá tó bí Àdùnní. Ó ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni òun, àmọ́ àwọn tó bá a jẹ́ ẹgbẹ́ ti gbàgbé iye tiwọn kí wọ́n tó kú.

Tíṣà ronú àtijuwọ́ sí wọn kó sì sáré kọjá. Ojú rẹ̀ àti ojú Ìyá ṣe mẹ́rin. Gbì! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé!"

Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna, àna ló ń sọ fún un pé kó dìde. Ìyá sì ní láti súre ná.

"Ọkọ Àdùnní, o ò ní sáré asán!"

"Àmín!" ni gbogbo bẹ́ńṣì dáhùn.

"Ohun tí ò ń lé, ọwọ́ rẹ á tẹ̀ ẹ́!"

"Àmín," ni Tíṣà wí láti inú eruku. "Ìyá, àkókò..."

"Àkókò rẹ kò ní kọjá!"

"Àmín!"

"Ìyá mi," ni Àdùnní bẹ̀bẹ̀, "ẹ ní kó dìde."

"Ṣé mo ti parí ni? N kò tíì kan àwọn ọmọ."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó eré náà gun alùpùpù dé. "Bàbá, ṣé ẹ ti jáwọ́ ni?"

"N kò jáwọ́ o! Àna mi ni mò ń kí."

"Háà." Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó pa alùpùpù rẹ̀, ó sì bá wọn ṣe àmín.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni Wúrà wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Méjì." Lẹ́yìn ìyẹn, kò kà á sókè mọ́.

Nígbà tí Ìyá sọ pé "Dìde," iṣan ti sún kì lẹ́sẹ̀ Tíṣà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú kó tó dúró. Ó ń tiro lọ, aago ń dún lọ́wọ́ Wúrà. Wọ́n ti ń ká okùn òpin eré nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fún un ní omi. Wọn kò fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n padà sí Iléṣà. Odó nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mọ́tò.

"Èmi ni mo pè wọ́n," ni Àdùnní wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò bá kàn ti juwọ́ sí wọn."

"Sí Ìyá?"

Àdùnní rò ó wò. "Rárá."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pariwo lórí pápá nígbà tí Amos dé, kánfáàsì funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Amos. Kò lè dúró ṣánṣán gba nǹkan lọ́rùn àgbà, ló bá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀gá ní kí n wá gba..."

Tíṣà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. "Amos, Olúwa á bù kún ọ."

"Àmín sà."

"Ìyàwó tí o máa fẹ́, kò ní pọ́n ọ lójú."

"Àmín sà."

Tíṣà súre fún àwọn ọmọ tí Amos máa bí, ó súre fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ó dé orí ilé tí wọn yóò kọ́ àti òrùlé rẹ̀. Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ta ló tó já àdúrà mọ́ àgbà lẹ́nu?

Àkókò tó kí àwọn ọmọ tò. Ẹni tó yẹ kó fọn fèrè ṣì wà nílẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ òsì mú fèrè, ó fọn ọ́n. Lódìkejì ìlú, wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹgbẹ̀ta ọmọ tò gbọọrọ.

Ó wò wọ́n, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ okùn náà lọ́rùn, ó fi kọ́ ọrùn Amos.

"Dìde," ó wí.