Wáyà Tí A Ń Sá Aṣọ Sí

Ilé bàbá ọkọ mi ní Apòmù ni à ń gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìkirè. Wáyà iná ilé náà ti gbó. Bí a bá tan iná pálọ̀, òórùn rọ́bà tó ń jó á gba gbogbo ilé. Ni ọkọ mi bá pe oníṣẹ́ iná kan láti Gbọ̀ngán, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé kó wá ṣe wáyà tuntun.

Ó ti parí pálọ̀ àti yàrá wa, ó ku yàrá ìyá ọkọ mi lẹ́yìn. Àmọ́ ó ti kan bíréékà kan tí iná gbogbo ilé ń gbà kọjá mọ́ ògiri, irú èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò gba ibi tí kò yẹ. Bíréékà yìí kò jẹ́ ká sinmi. A ó kàn gbọ́ “pá!”, fáànù á dúró. Oníṣẹ́ iná yọ gílóòbù, ó yọ fíríìjì, ó tú gbogbo orí wáyà tuntun, ó tún wọn dì. Pá! Ó tún já.

Ọkọ mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ so iná náà tààrà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ fún mi di ọ̀la,” ni bàbá náà wí.

Ọjọ́ kejì, mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo pọn ọmọ. Ìyá ní kí àwọn bá mi sá díẹ̀. Wọ́n ju ìró kan tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀ sórí wáyà tí a ń sá aṣọ sí, etí ìró náà balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ “pá!” nínú ilé, tí ìyá sì ké, “Yéè! Wáyà yìí tún ti ta mí!”

Oníṣẹ́ iná sáré jáde. “Ìyá, ẹ ní ó tún ta yín?”

“Ó ti pẹ́. Ó máa ń ta mí bí èèrà, àgàgà bí òjò bá rọ̀. Wọ́n ní làkúrègbé ni.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ o! Ẹ sún sẹ́yìn!”

Ó fi igi gbígbẹ yọ ìró náà, ó wọlé lọ gbé bíréékà sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò já. Ó padà wá, ó fi tẹ́sítà tó fi ń mọ ibi tí iná wà kan wáyà aṣọ náà, iná kékeré inú rẹ̀ sì pọ́n yòò.

Orí wáyà yẹn ni mo ti ń sá aṣọ ìdí ọmọ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Èmi náà ni mo máa ń fi òrí pa ìka ìyá lálaalẹ́.

Ó pa iná ilé, ó gbẹ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé ìyá. Ìṣó tí wọ́n so wáyà aṣọ mọ́ ti wọlé ṣinṣin, ó ti gún wáyà iná àtijọ́ tó lọ sí yàrá wọn; ibẹ̀ ni iná ń gbà dé ara wáyà aṣọ, tí aṣọ tútù sì ń gbé e wọ ilẹ̀. Bàbá ọkọ mi tó ti di olóògbé ló fọwọ́ ara wọn kan ìṣó náà.

“Subhanallahi,” ni ọkọ mi wí. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Ọjọ́ náà ni oníṣẹ́ iná parí yàrá ìyá, bíréékà kò sì já mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi gé wáyà aṣọ náà lulẹ̀, ó sì ń gbẹ́ kòtò láti rì í mọ́lẹ̀. Oníṣẹ́ iná sọ fún un pé wáyà lásán ló kù, kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkọ mi ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ.