Àga Tó Ń Jìnnà sí Ilẹ̀kùn

Àga rọ́bà aláwọ̀ ewé kan ni Morónkẹ́ Ọlọ́runṣọlá fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń mọṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mi ò gbà á gbọ́. Yunifásítì tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Kí ni àga fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ilé ìwòsàn kékeré kan létí ìlú Kàbbà ni Morónkẹ́ ti ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe é níbẹ̀. "Dókítà tí kì í fúnni lóògùn" làwọn èèyàn ń pè é. Ní òpin ọdún yìí ni yóò fẹ̀yìn tì, kò sì tíì sí ẹni tí yóò jókòó sípò rẹ̀.

"Níhìn-ín," ó ní, "bí àgbà bá wà nínú yàrá, ta ló máa kọjú sí ọmọdé?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àga ti wá. Níbẹ̀rẹ̀, á jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́kípẹ́kí. Bó bá yá, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí tó fi máa dé abẹ́ igi máńgòrò. Nígbà yẹn, ó yẹ kí ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Bí aláìsàn bá lọ tán, akẹ́kọ̀ọ́ á wá ròyìn ohun tó ṣe, àti ìdí tó fi ṣe é.

"Bó bá wá purọ́ fún yín ńkọ́, ma?"

"Ojú aláìsàn ni mò ń wò, kì í ṣe ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Bí aláìsàn bá ṣì ń wá mi kiri, ọmọ náà ò tíì tó."

Àwọn tó ti tó ti lọ. Philip wà ní Àbújá, Dámilọ́lá wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n máa ń pè é ní gbogbo ọdún tuntun. Ó fi fọ́tò Dámilọ́lá hàn mí lórí fóònù. "Ó ti rù," ó ní. Lójú tèmi, ọmọ náà ò rù rárá.

Virtue Bámigbóyè, ọmọ ìlú Ìyàrá, ló kù. Ó gbọ́ èdè àwọn aláìsàn, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́. Ilé ìwé kan ní Kánádà ti gbà á. Ìwé tí Morónkẹ́ máa fọwọ́ sí, pé ó lè dá ṣiṣẹ́, ló ń dúró dè. Bí Morónkẹ́ bá kọ ọ́ pé kò tíì tó, Virtue á tún lo oṣù mẹ́fà sí i ní Kàbbà, àyè Kánádà á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ ti rò ó wò rí pé kẹ́ ẹ dá a dúró?" mo bi í.

"Èmi? Mo ti kọ ọ́ lọ́kàn mi àìmọye ìgbà." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "'Ó ṣì ku ohun tọ́mọ yìí máa kọ́.' Ta ló máa bá mi jiyàn? Ta ni kò ní ohun tó ṣì máa kọ́?"

"Kí ló wá dá yín dúró?"

"Mò ń wo Bàbá Iffe."

Àgbẹ̀ láti ìlú Iffe, tí Virtue ń tọ́jú, ni Bàbá Iffe. Ó gbà kí n kọ̀wé nípa òun, bí mi ò bá ti dárúkọ òun gan-an. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni kò ti rí oorun sùn, tí kò sì lọ sóko mọ́. Bí Virtue bá bi í léèrè, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò: "Dókítà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yìí ń bi mí?" Nígbà tí àga dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àga dé abẹ́ máńgòrò, ojú fèrèsé ni Bàbá ti ń yọjú wo Morónkẹ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè tó dé tòun ti fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Okun o, Dókítà," ó kí Morónkẹ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lágbègbè náà.

"Okun, Bàbá. Oko ńkọ́?"

"Mo débẹ̀ lánàá." Kò dúró.

"Ẹ ò ní jókòó sinmi díẹ̀?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti darúgbó ni kẹ́ ẹ jókòó. Ọmọ mi ń dúró dè mí."

Ó wọlé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Morónkẹ́ ń wo ilẹ̀kùn náà títí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló fọwọ́ sí ìwé Virtue.

"Ma, ẹ ò tíì gbọ́ ìròyìn tòní," Virtue ní.

"Bàbá ti rò ó fún mi."

"Ẹ ó wá kí mi ní Kánádà?"

"Nínú yìnyín yẹn? Kí ni n ó máa jẹ?"

"Iṣu wà níbẹ̀, ma."

"Iṣu inú ọ̀rá! Gbé ìwé rẹ, jàre."

Nígbà tí mo tún padà lọ síbẹ̀, Virtue ti lọ sí Kánádà. Àga ṣì wà lábẹ́ máńgòrò. Bàbá Iffe dé, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, kò ṣí i.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé," Morónkẹ́ ní.

"Ó dágbére fún mi. Mo mọ̀ pé ó ti lọ." Ó wo ojú ọ̀nà. "Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná."

Morónkẹ́ wọ́ bẹ́ǹṣì kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bàbá jókòó. Àwọn méjèèjì kọjú sí títì, níbi tí ọkọ̀ Lọ́kọ́jà ti máa ń já èrò.