Ọjọ́ Tí Mọ́tò Bàbá Mi Wọ Ìgandò

Eruku pupa ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ọjọ́ náà, eruku ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgandò, tó máa ń ró wọ́mú-wọ́mú lẹ́nu ẹni bíi gàrí oníyanrìn. Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkó nígbà náà. Gbogbo akọ̀wé tí ìjọba bá ti fi kún owó oṣù rẹ̀ ló ń ra mọ́tò tuntun, tí wọn kì í jẹ́ ká yọ ọ̀rá kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, tí mo háyà yàrá méjì sí Ẹ̀gbẹ́dá, n kò ra kankan. Mọ́tò bàbá mi ni mo ń wà. Dúdú ni, ó ga bí àpótí, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí mi, irin la sì fi ń yí i níwájú kó tó jí. Òun ni mọ́tò àkọ́kọ́ tí ọmọ Ìgandò rà, kò sí ọmọdé tàbí àgbà lágbègbè wa tí kò lè dá a mọ̀ láti òkèèrè. Ojú máa ń tì mí láti wà á, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú kan ní Ìkẹjà ti dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò àtijọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́ ni ìtìjú mi di ìgbéraga. A ní aṣọ ẹgbẹ́: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú, ṣòkòtò dúdú. Tí mo bá wọ̀ ọ́ tán, mo máa ń rò pé kò sí irú mi mọ́ láti Ìkẹjà dé Àgbádárìgì.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ni bàbá mi wà lásìkò náà, nítorí ojú rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú. Ìyá mi ti kú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí bàbá mi ti fi Ìgandò sílẹ̀, àwọn ará ilé sì mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún ju ojú lọ ni ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Bàbá Kékeré, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá ilẹ̀ rà lọ́dọ̀ wa, Bàbá Kékeré ta ilẹ̀ tí igi obì ìyá wọn wà lórí rẹ̀, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó rà á gé igi náà lulẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn wọn kò kí ara wọn mọ́. Àwọn àgbà bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ahọ́n àti eyín pàápàá a máa jà. Bàbá mi ní eyín kò gé igi obì ahọ́n rí.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Tí mo bá kú, àbúrò mi ò gbọdọ̀ dé ibi òkú mi o. Ìwọ ni àkọ́bí. Tó bá wá, ìwọ ni wàá lé e.” Mo ní mo ti gbọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo Ìgandò ló sì mọ̀. Láàárín wa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó burú tó kí ẹ̀gbọ́n ka òkú ara rẹ̀ léèwọ̀ fún àbúrò. Ó wúwo lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ń ronú ibi tí a ó gbé àwọn mọ́tò wa rìn dé, èmi ni mo ní kí á lọ sí Ìgandò, kí á sinmi níwájú ilé wa, kí á tó yí padà. Mo sọ pé ọ̀nà náà dára fún mọ́tò àtijọ́. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé rí mi nínú táì ni. Bàbá mi ní òun á bá wa lọ, àárò ilé ń sọ òun. Láàárọ̀ Sátidé kan, àwọn yòókù gba Ìyànà Ìpájà wá bá wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, a tò tẹ̀léra, ó di Ìkọ̀tún. Alága wa, bàbá kan tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wálé, ló kẹ́yìn. Ó ní ẹni tó ń da ẹran kì í ṣáájú ẹran.

A kò tíì jìnnà sí Ìkọ̀tún tí mọ́tò bàbá mi fi wúkọ́, tó sì kú. A yí irin, a tì í, kò jí. Wọ́n mú bàbá mi lọ sínú mọ́tò alága lẹ́yìn, wọ́n sì fi okùn so tiwa mọ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ kan tó wà níwájú. Alága ní ó yẹ kí a fi ewé sí i lára, kí àwọn onílọ́rì lè mọ̀ pé mọ́tò tó bàjẹ́ ni. Òótọ́ ni, bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó bọ́ sínú igbó, ó gé èyí tó kọ́kọ́ bá pàdé, ó so ó mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ìdí okùn ni èmi wà ní tèmi. Nígbà tí mo sì padà jókòó, bọ́nẹ́ẹ̀tì gíga yẹn kò jẹ́ kí n rí ohun tí wọ́n so síwájú. Alága ní kí gbogbo wa tan iná nítorí eruku, kí a máa rọra lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá pàdé ni bàbá kan tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Mo rò pé àwọn mọ́tò wa ló wú u lórí, mo sì juwọ́ sí i bíi gómìnà. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Onílọ́rì kan wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní nínú ọkàn mi pé àwọn ará ibí yìí mà mọ iyì nǹkan. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wò wá fò sórí kẹ̀kẹ́, ó sáré ṣáájú wa lọ sílé. Mo gbà pé ó lọ pè wọ́n wá wòran ni, mo sì tún táì mi ṣe.

Igbe la gbọ́ kí a tó dé iwájú ilé. Mo kọ́kọ́ rò pé igbe ayọ̀ ni. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ “Ìnnálílláhì” àti “Bàbá wa ti lọ o.” Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni ṣi nǹkan gbà. Ohun tí mo rò ni pé n kò tíì fojú kan bàbá mi láti Ìkọ̀tún, pé ó ti kú sínú mọ́tò alága nínú eruku lẹ́yìn wa, àti pé ìròyìn ti gba ibòmíràn ṣáájú mi. Mo gbé orí lé sítíárì, mo bú sẹ́kún. Bí ẹnìkan bá tún ń ṣiyèméjì nínú wọn, ẹkún àkọ́bí parí rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ilé òdìkejì ṣí, ariwo sì dákẹ́ lójijì. Bàbá Kékeré jáde, kò dé fìlà, kò wọ bàtà. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àgbà ìyàwó ilé wa súnmọ́ fèrèsé mọ́tò, ó rọra wí fún mi pé, “Ìwọ ni bàbá ẹ rán níṣẹ́ o. Kí lo fẹ́ ṣe?” Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú, mo dúró sójú ọ̀nà rẹ̀, mo na ọwọ́.

Mo ní, “Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ ohun tí bàbá wí.”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n.”

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní n má wá. Mo ti wá o. Ẹ dìde, kí ẹ lé mi.”

Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló wà tí ohùn bàbá mi fi wá láti ẹ̀yìn, níbi tí mọ́tò alága ti dúró: “Ta ló kú?”

Gbogbo èrò fọ́n ká. Àgbà ìyàwó ilé tó ti ń ráhùn orúnkún láti ọdún tó kọjá ló kọ́kọ́ dé inú igbó. Èmi kò sá, mo di ilẹ̀kùn mọ́tò mú gírígírí. Ìgbà náà ni ojú mi tó lọ síwájú mọ́tò, tí mo rí ewé tí alága so mọ́ ọn. Màrìwò ni, ọ̀mùnú ọ̀pẹ tútù. Nílẹ̀ wa, ohun kan ṣoṣo ni màrìwò lára mọ́tò ń wí: òkú wà nínú rẹ̀. Mọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bàbá mi tó ń ṣàìsàn nìyí, wọ́n ń fi okùn fà á, ọ̀wọ́ mọ́tò dúdú ń rọra tẹ̀lé e, iná wọn ń tàn lójú ọ̀sán, àwọn ọkùnrin onítáì dúdú wà nínú wọn. Ọdún tí alága lò lókè òkun ti pọ̀ jù.

Bàbá Kékeré nìkan ni kò sá. Ó dojú délẹ̀, kò gbé e sókè. Bàbá mi fi ọ̀pá wá ọ̀nà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ejìká àbúrò rẹ̀. Gbogbo ohun tí àbúrò rẹ̀ wí ló ti gbọ́ láti inú mọ́tò.

Ó ní, “Dìde. Mi ò lé ẹ.”

“Ẹ̀yin náà ni?”

“Èmi náà ni. Dìde, eruku ń wọ̀ ẹ́ lẹ́nu.”

Wọn kò di áńgẹ́lì láti ọjọ́ yẹn o. Wọ́n tún jà lórí ewúrẹ́, wọ́n jà lórí ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun tí wọ́n fi ń jà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ti sunkún rẹ̀ láàyè yóò pẹ́ láyé, bàbá mi sì pẹ́. Nígbà tó wá kú lóòótọ́, Bàbá Kékeré ló wẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń da omi sí i lára, bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ. Àwọn ọmọ mi máa ń ní kí n sọ fún àwọn bí èrò ṣe sá, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú àyà mi já títí di òní ni ọwọ́ mi tí mo nà. Mo gbà pé bàbá mi ti kú, mo ń sunkún, mo sì ń lé àbúrò rẹ̀. Ká ní òkú wà nínú mọ́tò yẹn lóòótọ́, ká ní Bàbá Kékeré sì gbọ́ tèmi, ì bá padà sílé rẹ̀ lọ ti ilẹ̀kùn, à bá sin bàbá mi láìsí i níbẹ̀, gbogbo Ìgandò ì bá sì yìn mí pé mo jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn.