Àlàó, Ẹṣin Tí Wọ́n Fi Iyọ̀ Wúre Fún

Òórùn ẹṣin ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: koríko tútù, ìtọ̀ àti òógùn ẹran, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ èéfín ààrò ìyá mi. Ọyẹ́ ń mú, ètè mi ti là. Mo sáré jáde. Ẹṣin tí bàbá mi lọ rà wá láti Ìlọrin ti dé, òun nìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń lá ògiri ilé wa bí ẹni tó rí oyin.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Ìlá á rántí bí ẹṣin ṣe ń gbayì lọ́jọ́ ọdún. Ìdílé wa ló ń tọ́jú èyí tí olóyè wa ń gùn, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ sì ti darúgbó kú. Ìdí nìyí tí inú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi dùn kọjá àlà. Ó ní ẹni tó bá wọlé wa, ọmọ wa ni, ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ wà láìlórúkọ. Ó sọ ọ́ ní Àlàó. Ó bu iyọ̀ sí i lẹ́nu, ó ní, "Ayé rẹ á dùn, Àlàó. O ò ní tẹ́ níta."

Bí ẹ bá mọ agboolé wa, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò lè parí síbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ pé wọ́n ń sọmọ lórúkọ tí kò ní wá wúre? Ìyàwó ilé tó wá láti Òkè-Ìlá bu tirẹ̀. Èyí tó wá láti Ìgbájọ ò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe aláìmọ̀ṣe, ó bu ẹ̀kúnwọ́. Ẹṣin ń lá àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àdúrà ti gbà. Bàbá mi ti lọ síbi òkú ní ìlú kejì, kànga wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Gbogbo wọn ló rántí iyọ̀, kò sẹ́ni tó rántí omi.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Àlàó ò jẹ koríko mọ́. Inú ń run ún. Ó ń fi pátákò ha ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá mi dé, ó rí iyọ̀ lára ètè rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fún un?"

"Àdúrà ni mo ṣe fún un," ni Ìyá Àgbà wí, ẹ̀rù ti ń bà á.

Bàbá mi kì í bá ìyá rẹ̀ wí. Ó ní, "Ẹ kú àdúrà, Ìyá. Omi ló kù." Ó ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Ìyẹn ní ká má gbé odidi garawa kalẹ̀ fún un, díẹ̀díẹ̀ ni ká máa bù ú, ká sinmi, ká tún bù ú. Àwọn ìyàwó ilé ń pọnmi wá láti odò. Ìyá Àgbà ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ: "Àlàó, má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Kò kú. Láàárọ̀, ó tọ̀ yàà sílẹ̀, gbogbo agboolé hó ìhó ayọ̀. N kò tíì rí ibi tí ìtọ̀ ti dùn mọ́ àgbàlagbà nínú tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bàbá mi so òkúta iyọ̀ mọ́ igi, kí Àlàó máa fúnra rẹ̀ lá ìwọ̀n tó bá fẹ́, omi mímọ́ kì í sì í kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi kánún kún un, bàbá mi á ní, "Àṣejù, baba àṣetẹ́." Dókítà tilẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fi oúnjẹ adìẹ bọ́ ọ, torí oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọn fún adìẹ lè pa ẹṣin.

Lónìí, Èkó ni mò ń gbé. Mo gbọ́n ju bí mo ṣe wà lọ́mọdé lọ, mo mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe nínú ara. Ṣùgbọ́n àárò àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń sọ mí, ó ń sọ mí gan-an. Lọ́jọ́ tí mo kó dé ilé tuntun mi, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pé bóyá ẹnìkan á yà wá wúre fún mi. Kò sẹ́ni tó wá.