Kẹ̀kẹ́ Tó Ga Ju Bàbá Mi Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Ìjẹ̀bú, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ló ga jù ládùúgbò, bàbá mi ló sì kúrú jù nínú gbogbo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, torí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti gbé e mì, kò sì tíì dà nínú mi.

Bí bàbá mi bá fẹ́ lọ sóko, á kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà lọ síbi kùkùté igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Orí kùkùté yẹn ló ti ń gbé ẹsẹ̀ kọjá ọ̀pá tó dábùú láti abẹ́ ìjókòó dé ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bó bá gùn ún tán, orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń kan pẹ́dà, ìdí rẹ̀ á sì máa yí sọ́tùn-ún, á máa yí sósì. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àfi kó tún rí nǹkan gíga mìíràn, tàbí kí ẹnìkan bá a di kẹ̀kẹ́ mú. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tó bá wà lókè, ẹrẹ̀ kì í ta sí i láṣọ.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé. Ìgbà ìsinmi ọ̀sán ni, gbogbo wa wà ní pápá ilé ìwé, ni mo bá rí bàbá mi tó ń bọ̀, abọ́ oúnjẹ mi ń fì lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Kò sí kùkùté ní pápá wa. Ó yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, kò rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí. Nígbà tó rí mi, ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, wá bá mi di kẹ̀kẹ́ mú."

Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé bàbá ta nìyẹn. Mo wo ọkùnrin tó bí mi lójú, mo ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n." Mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹyin lohùn. Bàbá mi kò jìnnà sí wa, ó gbọ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, òun àti kẹ̀kẹ́ jọ wó lulẹ̀. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára bùbá rẹ̀, ó gbé abọ́ náà sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa, ó ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Kò nà mí. Kò tilẹ̀ sọ fún ìyá mi. Ì bá sàn kó nà mí. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé tó jìnnà, ó ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ náà lọ, mo kọ̀, mo ní ojú ń tì mí. Ó fi í ti ògiri títí ó fi dípẹtà.

Ẹ wá wo ayé. Mo darúgbó sí Dagenham nílùú òyìnbó níbí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, nọ́ọ̀sì sì ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East. Èyí tó tóbi jù ni mo nawọ́ sí. Obìnrin tó ń tà á kò gbà. Ó wọn ẹsẹ̀ mi láti itan dé ilẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní kí n fi ọ̀pá ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín ẹsẹ̀ dúró, kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ọ̀pá rẹ̀ kàn mí níbi tí kò yẹ kó kan ọkùnrin. Ti kejì, àyè wà. Mo ní ṣebí wọ́n lè rẹ ìjókòó sílẹ̀. Ó ní ìjókòó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gé irin ara kẹ̀kẹ́ kúrú. Ó ní bí mo bá gun èyí tó tóbi yẹn, ìdí mi á máa yí sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀yìn á sì máa dùn mí.

Ni mo bá rántí ilé wa. Alaalẹ́ ni ìyá mi ń fi òrí ra ẹ̀yìn bàbá mi.

Bí mo ṣe délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú, mo bi í pé kí ló dé tí bàbá wa fi ra kẹ̀kẹ́ tí kò bá a mu. Ó ní:

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Ìwọ ló rà á fún. Ó ní agbára òun ò lè ká kẹ̀kẹ́ méjì láyé òun, kí òun ra èyí tó máa bá ẹsẹ̀ rẹ mu bó o bá dàgbà."

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń ra nǹkan fún wa nígbà náà. Ṣẹ́ẹ̀tì mi ń wọ́lẹ̀, àkísà ló kún iwájú bàtà mi, wọ́n ní màá dàgbà bá a. Wọ́n rò pé màá ga bí àwọn ará ilé ìyá mi. Ẹ wò mí dáadáa, n kò fi ìka kan ga ju bàbá mi lọ. Kẹ̀kẹ́ tèmi ló ń gùn, tó ń dun ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo sì ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ti kú, n kò lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

A ra èyí tó kéré. Ọgbà Mayesbrook la ti ń kọ́ ọ, ọmọ ọmọ mi á di ẹ̀yìn ìjókòó mú, èmi á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Wọ́n bi í pé ta ni bàbá yìí. Mo gbọ́. Ọmọ ọmọ mi kò jọ̀wọ́ ìjókòó.

"Bàbá àgbà mi ni. Ẹ wá bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú."

Ayé ti yí padà. Lónìí, wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ èèyàn kí wọ́n tó ta kẹ̀kẹ́ fún un, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Láyé tiwa, ẹsẹ̀ tí ọmọ kò tíì ní ni bàbá fi ń wọn kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé òde òní. Mo mọ̀ ọ́n sọ lọ́jọ́ náà ní pápá, ó wà lẹ́nu mi: bàbá mi ni. N kò sọ ọ́.