Fèrè Harkamaya àti Ọkọ̀ Òfuurufú Ọ̀sán

Wọ́n ní Harkamaya Rai mutí yó, ó wá ń fọn fèrè pápá ọkọ̀ òfuurufú títí ọkọ̀ kan fi sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run wá bá a, bí adìẹ tí wọ́n fi àgbàdo pè. Irọ́ ni. Ẹ̀yin ẹ bi mí, ilé wa ló kángun sí pápá náà. Harkamaya kì í mutí lẹ́nu iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mu tirẹ̀, ó sì máa ń mu ún dáadáa.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yí ọwọ́ fèrè onírin ńlá bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, kí ewúrẹ́ àti ọmọ ènìyàn lè kúrò lójú pápá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ọkọ̀ máa ń wá sí Thuldanda ìlú wa nígbà náà, gbogbo orí òkè yìí ló sì ń fi fèrè rẹ̀ ṣe aago. Ó dún láàárọ̀, à ń fún wàrà ẹfọ̀n. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, à ń gbé ìrẹsì kaná.

Ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan bá dé láti Kathmandu, olú ìlú wa, Bidur Adhikari lorúkọ rẹ̀. Ó ní òfìfo lọkọ̀ ń gbé kiri, pé ìjókòó tó ṣófo pọ̀ ju èyí tó rí ìdí gbé lọ. Ó gé ọkọ̀ méjì kúrò, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó sì bu owó lé tíkẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, ọkọ̀ àárọ̀ kún bámúbámú. Inú ọ̀gá dùn, ó ra ìpápánu olóyin pín fún wa.

"Didi," bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ṣe pe Harkamaya, "ìjókòó kọ̀ọ̀kan ti ń pawó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

"Ẹ kú oríire o, ọ̀gá mi."

Àmọ́ nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, tí ọ̀nà jíìpù gbẹ, tí àwọn tí kò rí ìjókòó ń bá jíìpù lọ, ọ̀gá padà wá, kò ra nǹkan kan dání. Ó fajú ro. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan ṣì ń pa owó gọbọi o, ṣùgbọ́n ìjókòó ọ̀hún ló ti kéré jù, àpapọ̀ owó tó ń wọlé kò tó ti àtijọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ owó òṣìṣẹ́ kò dín. Ló bá kọjú sí Harkamaya.

"Didi, ẹ má bínú. Fèrè ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọlọ́pàá á máa bá wa yí i. Tó bá di ìparí oṣù, iṣẹ́ yín parí."

Opó ni Harkamaya, fèrè yẹn ló fi ń jẹun.

"Ọlọ́pàá wo? Ṣé èyí tí kò lè lé ewúrẹ́ kan ṣoṣo? Àwọn ewúrẹ́ gan-an ló ń lé e!"

"Didi, ohun tí Kathmandu wí ni."

"Kathmandu! Ṣé láti Kathmandu ni wọ́n ti ń rí ewúrẹ́ wa ni?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni oòrùn ti dé ibi tí ọkọ̀ kejì máa ń bá a tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ Harkamaya tó ti mọ́ iṣẹ́ lára gbéra fúnra rẹ̀, ó yí fèrè. Kò mọ̀ọ́mọ̀, inú ló ń bí i. Fèrè ké fáàà, òkè dáhùn.

Àfi bí èrò ṣe ń ya bọ̀ láti ibùdó jíìpù! Àwọn tí ìjókòó ọkọ̀ àárọ̀ kò kárí ni. Alátalẹ̀ ń sáré, ìyàwó tuntun ń sáré, bàbá arúgbó kan gbé àkùkọ mọ́ abíyá, òun náà ń sáré.

"Didi, ọkọ̀ dà?"

Harkamaya wọ̀tún, ó wòsì. Ló bá naka sí ọ̀gá Adhikari.

"Ẹ bi í. Òun ló ni ọkọ̀."

Wọ́n rọ́ bo ọ̀gá. Bàbá alákùkọ di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, jíìpù ti mi ẹ̀dọ̀ mi kúrò láyè ẹ̀. Iye tó o bá pè é ni màá san, ṣáà gbé mi."

"Bàbá, ọkọ̀ ti lọ láàárọ̀."

"Ṣé o ò gbọ́ fèrè ni?"

Ọ̀gá wo èrò, ó wo ọ̀nà jíìpù. Ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ ló ń wò yẹn. Ló bá fa fóònù yọ.

"Ẹ dá ọkọ̀ kejì padà o. Rárá, mi ò mutí!"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ dé, Harkamaya sì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò padà ní tirẹ̀. Ọ̀gá ní afẹ́fẹ́ nìyẹn ń gbé, mi ò sì lè já a nírọ́, torí èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí.

Lánàá, mo bá Harkamaya níbi tó ti ń ta epo sí fèrè. Mo ní kó tiẹ̀ tún fọn ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ká wò ó bóyá ọkọ̀ á bọ́ sílẹ̀. Ó nuwọ́ mọ́ aṣọ.

"Ọ̀gá ò sí níbí mọ́," ló wí. "Tí èrò bá dé, ta ni kí n naka sí? Ṣé ìwọ?"