Ìdí Tí Alága Fi Yí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Padà

Ohùn mi ló kó mi sí wàhálà yìí. Olùkọ́ ni mí ní Ìwó, ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bá wà ládùúgbò wa, èmi ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Alága fẹ́ ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé bàbá wọn tó ti di olóògbé, wọ́n ní èmi ni kí n kọ Yorùbá rẹ̀, kí n sì kà á. Inú mi dùn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀, àní láàárín àwọn tó ń pè é ní elẹ́nu méjì.

Alága káńsù ni nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Òun ló la títì tó gba àdúgbò wa kọjá. Kí títì yẹn tó dé, bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti Kuta á rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí aboyún bá ń rọbí, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì máa gbàdúrà. Ó tún gbẹ́ kànga fún wa, ó sì máa ń wá fúnra rẹ̀ wo omi inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí alága mìíràn tó bẹjú wo kànga.

Ṣùgbọ́n títì kì í gba ojú ọ̀run kọjá. Iwájú ilé wa ló gbà. Ní agbo ilé wa nígbà náà, iwájú ilé là ń sin òkú sí, ibẹ̀ sì ni bàbá mi wà. Alága pe ìpàdé, ó ní ilé tí sàréè bá wà níwájú rẹ̀, títì yóò yà fún un. Gbogbo ayé ló gbọ́. Nígbà tí katapílà dé, kò yà fún ẹnì kankan. Ó gba orí bàbá mi kọjá. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń pè é ní "elẹ́nu méjì yẹn", gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Alága tún gbégbá ìbò, a kò dìbò fún un, ó sì fìdí rẹmi.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà kò fẹ́ ìyìn nìkan. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo èèyàn bá ń yìn ín, ta ló máa gbà wá gbọ́? Ẹ bá wa wá ẹni tí títì yẹn dùn." Mo ní kò sẹ́ni tó dùn tó ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rò ó wò. Ìyá mi gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ bú òkú, ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yàtọ̀ sí èébú. "Màá sọ ọ́ kí n tó lọ bá bàbá ẹ," ló wí. "Á bi mí." Wọ́n fi í sí Ọjọ́bọ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà fún mi pé kí n wo ohun tí ọmọbìnrin náà ti gbà sílẹ̀ lẹ́nu Alága fúnra rẹ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn, kó tó kú. Ó ti rù. Fìlà rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ọmọbìnrin náà bi í pé kí ló dé tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lórí àwọn sàréè. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi ni mo wó wọn. Ẹ kà á sí mi lọ́rùn." Ọmọbìnrin náà kò jẹ́ kó lọ: kí ló fà á? Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹni tí a ti wó sàréè òkú rẹ̀, a kì í tún bú u. Ẹ bi mí ní nǹkan mìíràn."

Mo sunkún bí ọmọdé. Èmi mọ ohun tó fà á. Èmi ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ìpàdé yẹn, ìyá mi wà ní Ilé-Ogbó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bímọ, àwọn àgbà sì lọ kírun Jímọ̀. Èmi dúró sílé. Mò ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà nígbà náà. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta tí kò ní òkú níwájú ilé wọn bẹ̀ mí pé kí n bá wọn wá nǹkan ṣe, kí títì lè yà fún àwọn náà. Mo to búlọ́ọ̀kù, mo rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e lórí, sàréè dé. Kí àwọn àgbà tó ti mọ́sálásí dé, mo ti sin òkú mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò bí. Wọ́n rí i, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí i; kò sì sẹ́ni tó sọ fún ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, Alága fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò pẹ̀lú ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan nínú àwọn sàréè tí mo kọ́, àtàǹpàkò náà sì wọnú sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ. Ó wo ọwọ́ mi tó funfun fún sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé yóò pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ara rẹ̀, ó sì sọ fún ẹni náà pé, "Ẹ là á tààrà." Ó yẹ kó béèrè èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ibi tó kù sí nìyẹn, n kò sì ní bò ó. Ṣùgbọ́n ó gba orúkọ òpùrọ́ nítorí irọ́ tèmi, ó pàdánù ìbò nítorí rẹ̀, kò sì wí nǹkan kan títí ó fi kú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún. Mo ti ń rò pé òtítọ́ ti gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá jókòó síwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ kejì, tó fi ọjọ́ ogbó jẹ́rìí èké láìmọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà yóò di méjì. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Kò gbójú sókè. "Ó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ó mọ̀, Ìyá."

"Kò sì sọ?"

"Kò sọ."

Ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣà á tán, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ẹ̀rù sì bà mí ju bí ó bá ti ṣépè lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé àga fún un síwájú ilé. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Màmá, kí ni Alága ṣe fún yín?"

"Ó la títì gba orí ọkọ mi," ni ìyá mi wí. "Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Mo pè é ní elẹ́nu méjì títí ó fi kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kó sì forí jì mí." Ó dìde lórí àga. "Ẹ yí ẹ̀rọ yín sí ọmọ mi. Òun ló mọ ìyókù."

Mo jókòó.  Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni ìyá mi dúró sí, nítorí náà òun ni mo kọjú sí. Mo ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí."

"Èmi kọ́ lo bà lórúkọ jẹ́," ló dáhùn. "Ọkùnrin yẹn ni. Sọ ọ́ kó yé wọn."